Rìwáyà àti Ọpọlọ Ọkọ̀: Ẹjọ́ Tó Yẹ Ká Gbọ́ Tán Ká Tó Sanwó

Ọ̀rà kò jìnnà sí Ìlá Ọ̀ràngún, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá kú sójú ọ̀nà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ti sọ ọ̀nà kúkúrú di gígùn nìyẹn. Mẹ́káníìkì tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á yọ púlọ́ọ̀gì kan wò, á mi bátìrì, á wá nàró: "Ẹ pe rìwáyà o, èyí kì í ṣe tèmi." Bí rìwáyà náà bá dé, tó ṣáná sí i títí tí ẹ̀ńjìnnì kò dáhùn, ọ̀rọ̀ tí onímọ́tò kì í fẹ́ gbọ́ lè jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé brain box ló ti lọ."

Brain box yìí ni kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀ńjìnnì. Àpótí irin pẹlẹbẹ kan ni, òmíràn kò ju ìwé Bíbélì lọ. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ń ròyìn fún un nípa bí ẹ̀ńjìnnì ṣe ń yí, bó ṣe gbóná tó, àti bí afẹ́fẹ́ tó ń fà sínú ṣe pọ̀ tó. Òun náà ń sọ fún nọ́sùlù ìgbà tó yẹ kó fọ́n epo, ó sì ń sọ fún kọ́ìlì ìgbà tó yẹ kó taná. Ó lè bàjẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ lọ́dọ̀ rìwáyà tó mọṣẹ́, òun ni wọ́n ń fura sí kẹ́yìn.

Orúkọ rìwáyà fúnra rẹ̀ dàgbà ju kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lọ nílẹ̀ wa. Ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ nà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kaduna àti Volkswagen ní Èkó lọ́dún 1975, kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ nínú 504 àti Ìjàpá, kọ́ńtáàtì kékeré inú distributor ló sì ń dá iná púlọ́ọ̀gì sílẹ̀. Tẹ́sítà onígílóòbù kan, páláyà àti téèpù dúdú ti tó rìwáyà jẹun. Ọmọṣẹ́ á wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún díẹ̀, á fojú kọ́ àwọ̀ wáyà, á fetí kọ́ ìró ẹ̀ńjìnnì, ọjọ́ tó bá gba fírídọ̀mù ni yóò di ọ̀gá tirẹ̀.

Òkè òkun ni ayé ti kọ́kọ́ yí padà. Lọ́dún 1967, Bosch ti fi ẹ̀rọ ìfọ́n-epo tí iná mànàmáná ń darí sínú Volkswagen 1600. Nígbà tó fi máa di ọdún 1996, Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ara rẹ̀, kó sì ní ihò ìsọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu 16 kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ onípẹtiróòlù ní 2001. Ibẹ̀ ni tòkúnbọ̀ wa ti ń wá. Bí Corolla àti Camry ṣe rọ́pò 504 lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Báyìí ni síkáànì, ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ ihò yẹn láti bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ṣe di irinṣẹ́ rìwáyà.

Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí. Kóòdù tí síkáànì ń gbé jáde kì í ṣe ìdájọ́, ẹ̀sùn ni. Bó bá kọ P0335, ohun tó ń sọ ni pé òun kò gbúròó sẹ́ńsọ̀ tó ń ka yíyí ẹ̀ńjìnnì. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ló kú, ó lè jẹ́ wáyà rẹ̀ ni eku gé jẹ níbi tí wọ́n páàkì ọkọ̀ sí lẹ́bàá àká àgbàdo. P0562 ń sọ pé iná ọkọ̀ kò tó. P0606 nìkan, nínú àwọn tí a dárúkọ yìí, ló ń nàka sí inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀.

Bí síkáànì kò bá rí kọ̀ǹpútà bá sọ̀rọ̀ rárá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rìwáyà á ní ó ti kú nìyẹn. Ẹni tó ní sùúrù á kọ́kọ́ wo ihò síkáànì fúnra rẹ̀: ẹnu kẹrìndínlógún gbọ́dọ̀ ní iná bátìrì, ẹnu kẹrin àti ìkarùn-ún sì gbọ́dọ̀ jẹ́ earth, ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Fíúsì kan péré tó bá já lè pa síkáànì lẹ́nu mọ́. Nínú ọkọ̀ tó ń lo wáyà CAN, tí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, irú èyí tí Amẹ́ríkà sọ di dandan fún ọkọ̀ ọdún 2008 sókè, yóò pa iná ọkọ̀, yóò fi mítà wọn ẹnu kẹfà mọ́ ìkẹrìnlá. Bí wáyà náà bá dára, mítà á máa ka nǹkan bí 60 ohm.

Lẹ́yìn náà ló kan bátìrì. Bátìrì tó kún máa ń ka nǹkan bíi fólítì 12.6, bí ẹ̀ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó sábà máa ń wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí wọ́n bá ń sítáàtì tó sì ṣubú jìnnà sí abẹ́ fólítì mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà lè kú fúngbà díẹ̀ kó tún jí, onímọ́tò á sì rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Earth náà ńkọ́? Bóòtù kan ṣoṣo tó dípẹtà níbi tó ti wọ ara ẹ̀ńjìnnì ti mú kí wọ́n dá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ yá lẹ́bi.

Ìdánwò kan wà tó ń fi ọ̀gá hàn yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń fún ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ní iná fólítì 5. Bí iná yìí bá pòórá, á dà bíi pé kọ̀ǹpútà ló kú. Rìwáyà tó gbọ́n á máa yọ sẹ́ńsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí fólítì 5 bá padà dé nígbà tó yọ ọ̀kan, ọwọ́ ti ba ọ̀daràn: sẹ́ńsọ̀ yẹn ló ń fa iná gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀. Mítà ló ń fi ṣe gbogbo èyí, kì í ṣe tẹ́sítà onígílóòbù àwọn bàbá, nítorí gílóòbù ń fa iná ju ohun tí àwọn ẹnu kọ̀ǹpútà kan lè gbà lọ, ó sì lè jó wọn.

Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà ti kú ní tòótọ́. Àwọn tó ń pa á kò pọ̀, a sì mọ̀ wọ́n: omi òjò tó gba abẹ́ gíláàsì iwájú jò wọlé, alternator tó ń ṣáàjì kọjá ààlà, ẹni tó jọ́m̀pù ọkọ̀ tó sì fi wáyà rere kan búburú, wẹ́lídà tó ń jó irin lára ọkọ̀ láìyọ orí bátìrì. Kọ́ìlì tó ti ṣọ́ọ̀tì náà ń jó ẹ̀yà inú rẹ̀ tó ń taná fún un. Bí wọ́n bá pààrọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n sì fi kọ́ìlì yẹn sílẹ̀, èyí tuntun náà á tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́.

Ọjà ló kàn nìyẹn: Aráròmí ní Gate, Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ ní Mushin. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn. Kí ẹni tó ń rà má wo ìrísí, nọ́ńbà ni kó wò. Ti Toyota máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89661, ti Honda pẹ̀lú 37820. Àwọn nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ bóyá ti ọkọ̀ onígíà ọwọ́ ni tàbí ti ọ́tòmátíìkì, àti irú ẹ̀ńjìnnì tó wà fún. Corolla méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì kí kọ̀ǹpútà ọ̀kan má sì gbọ́ èdè èkejì.

Kọ́kọ́rọ́ tún wà níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ní immobilizer, ìyẹn ẹ̀rọ adènà olè, kọ̀ǹpútà mọ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹ gbé ti ẹlòmíràn sí i, ẹ̀ńjìnnì lè ta kó sì kú lójú ẹsẹ̀, tàbí kó má ta rárá. Wọ́n ní láti kọ́ ọ mọ kọ́kọ́rọ́ yín, tàbí kí wọ́n gbé ìrántí inú ògbólógbòó, tó sábà máa ń wà nínú ẹ̀yà kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan, sínú tuntun. Iṣẹ́ yìí ti kúrò ní ti páláyà àti téèpù.

Ìjọba kò ṣàì mọ̀ pé iṣẹ́ náà ti yí padà. Ní 2011, iṣẹ́ iná ọkọ̀ wà lára iṣẹ́ ọwọ́ 34 tí wọ́n fi kún ẹ̀kọ́ ilé-ìwé girama àgbà, àjọ ìdánwò NABTEB náà sì ti ṣèdánwò rẹ̀. Òfin ọdún 2014 tó dá NADDC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀, sílẹ̀ rọ́pò ti àjọ tó wà níbẹ̀ láti 1993, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́ títí di òní, bí ọ̀gá bá sì ṣe mọ mítà lò tó ni ọmọ á ṣe mọ̀ ọ́n tó.

Bí wọ́n bá wá sọ fún yín ní Ọ̀rà, ní Òkè-Ìlá tàbí ní Ìlá pé brain box ti lọ, ẹ ní kí wọ́n fi nǹkan mẹ́ta hàn yín kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bàpò: kóòdù tí síkáànì kà, ohun tí mítà sọ nípa iná àti earth tó ń wọ inú rẹ̀, àti ohun tó pa á. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gba ògbólógbòó padà lọ́wọ́ wọn. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìrántí kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú rẹ̀ lè tún wúlò fún yín.