Ohun tí Orúkọ Oúnjẹ Potogí ń Sọ, àti Ohun tí Kò Sọ

Ìfáàrà
Àwa tí a fi èdè Faransé kàwé máa ń rò pé a lè ka ìwé oúnjẹ ní Lisbon tàbí ní Porto láìsí ògbufọ̀. Inú Látìn ni èdè méjèèjì ti wá. Salada jọ salade, tripas sì jọ tripes. Ṣùgbọ́n ìjọra ọ̀rọ̀ kò tó. Ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, irú èyí tó pọ̀ láàárín wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ èèwọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ṣẹ̀dá orúkọ oúnjẹ mélòó kan tó yẹ kí arìnrìn-àjò tọ́ wò ní ilẹ̀ Potogí, àti ibi tí orúkọ náà ti lè tàn án.

1. Orúkọ tó ń ṣàpèjúwe
Caldo verde ni àpẹẹrẹ tó rọrùn jù: caldo ni omi ọbẹ̀, verde sì ni àwọ̀ ewé. Ọbẹ̀ àgbègbè Minho ni, ní àríwá. A ó se ọ̀dùnkún òyìnbó, a ó tẹ̀ ẹ́ di ọbẹ̀ kíki, a ó wá da ewé couve tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ sí i. Orúkọ yìí kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ tán: wọ́n sábà máa ń fi ègé chouriço lé e lórí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a kì sínú ìfun, tí a sì fi èéfín gbẹ.

2. Orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú
Bacalhau ni ẹja òkun òtútù tí a fi iyọ̀ pa, tí a sì sá gbẹ. A gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ kan sí méjì kí a tó sè é. Nínú bacalhau à Brás, a fi ẹja náà pọ̀ mọ́ ẹyin àti ọ̀dùnkún òyìnbó dídín. Orúkọ ọkùnrin ni Brás, kí ló dé tí a fi lo à, tó jẹ́ ti abo? Ìdí ni pé a ti pa ọ̀rọ̀ kan jẹ: à moda de Brás ni ó yẹ kó jẹ́, moda sì jẹ́ abo. Ẹni tó gbọ́ Faransé yóò rántí à la. Bákan náà ni amêijoas à Bulhão Pato, ẹran oníkarawun òkun tí a fi áyù, òróró ólífì àti ewé coriandre sè. Akéwì ni Bulhão Pato (1828–1912).

Tripas à moda do Porto ni ṣàkì tí a se mọ́ ẹ̀wà funfun. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ní 1415, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ń lọ gba Ceuta, àwọn ará Porto kó gbogbo ẹran dídára fún àwọn ọmọ ogun, ṣàkì ló sì kù fún wọn. Títí di òní, tripeiro ni a ń pe ará Porto. Àfòmọ́ -eiro ń ṣiṣẹ́ bí oní- tiwa: oníṣàkì.

3. Al- tó di ara ọ̀rọ̀
Láti 711 ni àwọn Mùsùlùmí ti jọba ní apá ibẹ̀, Lárúbáwá sì wà nínú oúnjẹ títí dòní. Nínú èdè Lárúbáwá, l inú al- máa ń ranmọ́ kọ́ńsónáǹtì iwájú bí a bá fi orí ahọ́n pe kọ́ńsónáǹtì náà. Nítorí náà az-zayt di azeite, òróró ólífì. Ṣùgbọ́n al-bunduqa di almôndega, ẹran lílọ̀ tí a ṣù róbótó, nítorí pé ètè ni a fi ń pe b. Yorùbá náà gba irú ẹ̀yà méjèèjì nípasẹ̀ Haúsá: àlùbọ́sà pa l mọ́, àdúà kò pa á mọ́.

Kí a má ṣe yára o. Alheira kò ti inú Lárúbáwá wá. Alho, áyù, láti Látìn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn Júù tí a fi agbára sọ di onígbàgbọ́ ní 1497 ló dá a sílẹ̀: ẹran adìyẹ àti búrẹ́dì ni wọ́n kì sínú ìfun, kí aládùúgbò lè rò pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń jẹ. Lónìí, ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Orúkọ kò yí padà. Ohun inú rẹ̀ ló yí.

4. Ọ̀rọ̀ tó jọ tiwa
Couvert ní Faransé ni ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ orí tábìlì. Ní ilẹ̀ Potogí, couvert ni búrẹ́dì, ólífì àti wàràkàṣì tí wọ́n gbé wá kí oúnjẹ tó dé, owó sì wà lórí rẹ̀. Òfin wọn sọ pé ẹni tí kò béèrè fún un, tí kò sì fọwọ́ kàn án, kò ní sanwó rẹ̀.

5. Feijoada àti àwa
Feijão ni ẹ̀wà. Òun náà ló di frejon ní Èkó, oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere tí a fi àgbọn sè. Àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ sì mọ feijoada. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó padà dé láti Bràsíìlì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni a ti gbà á. Ti àríwá ilẹ̀ Potogí, feijoada à transmontana, ẹ̀wà pupa tàbí funfun ni wọ́n fi ń sè é, pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀. Ti Bràsíìlì, ẹ̀wà dúdú.

Ìparí
Orúkọ oúnjẹ ń sọ ibi tí oúnjẹ ti wá. Kì í ṣe ẹ̀rí ohun tó wà nínú ìkòkò lónìí. Kí arìnrìn-àjò kọ́ ìbéèrè kan kó tó wọkọ̀: Tem porco? Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀? Kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè náà sì lọ gba orúkọ oúnjẹ Àgùdà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà ní Àjàṣẹ́, pẹ̀lú ohùn wọn, nígbà tí wọ́n ṣì ń pè é.