Àṣẹ àti Ìdínà lórí Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Ilé-Ìwé: Ọ̀nà Ààbò fún Ìbéèrè Ìdánwò àti Máàkì

1. Ìfáárà

Ní ìgbà kan rí, inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan ṣoṣo ni ìbéèrè ìdánwò àti ìwé máàkì máa ń wà ní ilé-ìwé. Ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé. Bí ohunkóhun bá sọnù níbẹ̀, a mọ ẹni tí a ó bi. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ni ó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìbéèrè, tí ó sì ń fi í ṣírò máàkì. Àwọn ti Ìlá Ọ̀ràngún àti agbègbè Ìgbómìnà Ọ̀ṣun kò gbẹ́yìn. Níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti ju ẹyọ kan lọ, a sábà máa ń so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa lo fáìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wa ti di onílẹ̀kùn púpọ̀.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ti ń pín àṣẹ fún àwọn tí ń lo irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, àti bí a ti ń fi ìdínà sí ibi tí kò yẹ kí wọ́n dé. Èrò wa ni pé iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe ni ó yẹ kí ó pinnu àṣẹ tí a ó fún un, kì í ṣe ipò tí ó wà. Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ Yorùbá àti olùdánwò gbọ̀ngbọ̀n, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

2. Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Lò

Òǹlò ni ẹnikẹ́ni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí ó lè máa lò ó. Ọ̀rọ̀-ìwọlé ni ọ̀rọ̀ àṣírí tí òǹlò fi ń jẹ́rìí pé òun gan-an ni òun ń wọlé. Àṣẹ ni ohun tí kọ̀ǹpútà gbà kí òǹlò ṣe sí fáìlì tàbí fódà kan. Ìdínà ni ohun tí kò gbà. Alábòójútó ni òǹlò tí ó lè fún àwọn yòókù ní àṣẹ, tí ó sì lè gbà á padà.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, àṣẹ. Nínú èdè wa, àṣẹ kì í sábà yà kúrò lára ipò: ọba ni ó ni àṣẹ ní ìlú, baálé ni ó ni àṣẹ nínú ilé. Àṣẹ inú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀; ó sún mọ́ ìyọ̀ǹda ju agbára lọ. Bí a bá wo ààfin, a ó rí i pé ìránṣẹ́ tí ń gbálẹ̀ yàrá ọba ń dé ibi tí ìjòyè pàtàkì kò lè dédé wọ̀. Kì í ṣe pé ìránṣẹ́ ju ìjòyè lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó gbé e débẹ̀. Irú àṣẹ yìí ni a ní lọ́kàn.

3. Ìtàn Ní Ṣókí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò kan tí à ń pè ní CTSS, tí ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jọ lo kọ̀ǹpútà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí pé fáìlì olúkúlùkù wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo, wọ́n fún àwọn òǹlò ní ọ̀rọ̀-ìwọlé. Kò pẹ́ rárá tí a fi tú u: ní 1962, Allan Scherr, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, wá ọ̀nà tẹ gbogbo ọ̀rọ̀-ìwọlé náà jáde sórí ìwé, nítorí pé wákàtí tí wọ́n fún un lórí ẹ̀rọ kò tó iṣẹ́ rẹ̀.

Ètò Unix, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní Bell Labs ní 1969, wá pín àṣẹ sí mẹ́ta: kíkà, kíkọ àti mímú-ṣiṣẹ́. Ó sì pín àwọn ènìyàn sí mẹ́ta: ẹni tí ó ni fáìlì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àti gbogbo àwọn yòókù. Ní 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder là á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà pé kí òǹlò kọ̀ọ̀kan má ṣe ní ju ìwọ̀nba àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ lọ. Lórí ìlànà yìí ni àlàyé wa dúró.

4. Bí A Ti Ń Pín Àṣẹ

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ilé-ìwé kan tí ó ní kọ̀ǹpútà márùn-ún: ti ọ̀gá, ti igbákejì rẹ̀ tí ń bójú tó ìdánwò, ti akápò, ti atẹ̀wé, àti ọ̀kan ní yàrá àwọn olùkọ́. Fódà mẹ́ta ni wọ́n jọ ń lò: Ìbéèrè, Máàkì àti Owó. Orí kọ̀ǹpútà igbákejì ọ̀gá ni wọ́n kó wọn sí. Bí kò bá sí ẹ̀rọ ńlá kan tí ń darí gbogbo wọn, orí kọ̀ǹpútà tí fódà wà yìí ni a ó ti kọ orúkọ òǹlò gbogbo. A lè pín àṣẹ báyìí:

(a) Olùkọ́ yóò ka fáìlì iṣẹ́ tirẹ̀, yóò sì kọ sí i, nínú Ìbéèrè àti Máàkì. Kò ní rí ti ẹlòmíràn. Bí ọjọ́ tí a dá fún kíkọ máàkì bá ti kọjá, a ó sọ àṣẹ rẹ̀ di kíkà nìkan.
(b) Atẹ̀wé yóò kà, yóò sì kọ, nínú Ìbéèrè. Kò ní wọ Máàkì tàbí Owó.
(d) Igbákejì ọ̀gá yóò kà, yóò sì kọ, nínú Ìbéèrè àti Máàkì. Kò ní wọ Owó.
(e) Akápò yóò wọ Owó nìkan.
(ẹ) Ọ̀gá yóò ka ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò ní yí ohunkóhun padà. Bí máàkì kan bá ní àtúnṣe, yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀.
(f) Alábòójútó yóò ní orúkọ ọ̀tọ̀, tí a kò ní lò fún iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Èyí tí ó wà ní (ẹ) lè dà bí àrífín lójú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ààbò ni ó jẹ́ fún ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò lè yí máàkì padà, kò sí òbí tí ó lè fi ọ̀ràn náà kàn án, kò sì sí alágbára ìlú tí ó lè wá bẹ̀ ẹ́ lóru.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí á mọ̀ nípa Windows, tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń lò. Ẹnu-ọ̀nà méjì ni ó ń fi ṣọ́ fódà àjùmọ̀lò. Èkínní wà fún ẹni tí ó bá ti orí kọ̀ǹpútà mìíràn wá. Èkejì wà lára fódà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá gbọ́dọ̀ kọjá méjèèjì, èyí tí ó bá sì le jù nínú wọn ni yóò borí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí fódà wà kò ní pàdé ju èkejì lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti ẹnu-ọ̀nà èkínní nìkan kò tí ì tilẹ̀kùn.

5. Ibi Tí Ètò Ti Ń Yẹ̀

Kọ̀ǹpútà kọ́ ni ó mú jíjáde ìbéèrè wá. Olùdánwò tí ó dàgbà kò ní gbàgbé ọdún 1977, nígbà tí ìbéèrè ìdánwò WAEC tú síta káàkiri, tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Expo 77. Ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe ni pé ó mú kí ó rọrùn sí i, bí a kò bá ṣọ́ ọ.

Àléébù àkọ́kọ́ ni kí gbogbo ọ́fíìsì máa lo orúkọ kan àti ọ̀rọ̀-ìwọlé kan. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kan bá di 72 láti 27, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọwọ́ tí ó ṣe é. Atẹ̀wé ni a sábà máa ń kọ́kọ́ fura sí, bí kò tilẹ̀ mọwọ́ mẹsẹ̀.

Èkejì ni ti agùnbánirọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, òun ni ó mọ kọ̀ǹpútà jù, òun ni a sì máa ń sọ di alábòójútó. Lẹ́yìn ọdún kan, ó parí iṣẹ́ ìsìnlú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìwọlé. Kí á kọ ọ̀rọ̀-ìwọlé alábòójútó sínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, kí á sì tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Bí agùnbánirọ̀ bá lọ, kí á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bákan náà ni kí á ti orúkọ olùkọ́ tí ìjọba bá gbé lọ sí ìlú mìíràn pa.

Ẹ̀kẹta ni fláàṣì. Àṣẹ kì í bá fáìlì lọ sórí ọ̀pọ̀ fláàṣì tí à ń rà lọ́jà, nítorí pé ọ̀nà tí a fi ṣètò inú wọn kò ní àyè fún un. Bí fáìlì bá ti dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni tí fláàṣì bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè kà á. Kí á sì rántí pé ẹni tí ó bá lè ka ohun kan lè fi fóònù ya àwòrán rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ àṣẹ kíkà bí a ti ń ṣọ́ àṣẹ kíkọ.

6. Nígbà Tí Ìdínà Bá Pọ̀ Jù

Ìdínà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ṣe ìfilọ́lẹ̀ Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé girama. Ìwé ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ 17 àti àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ má baà pínyà. Ìdínà kan náà lè bá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mu, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn fẹ́ fi ṣe. Ní ọdún kan náà, ní Los Angeles, wọ́n pín iPad onídìínà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ti tú ìdínà náà. Ẹni tí ìdínà bá há mọ́ yóò wá ibi tí yóò gbà fò ó.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka Yorùbá ní pàtàkì. Bí a bá dí atẹ̀wé lọ́wọ́ láti fi ohunkóhun sínú kọ̀ǹpútà, kò ní lè fi ètò bí i Keyman sí i láti tẹ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ó kù fún un. Ó lè tẹ ìbéèrè láìsí àmì, kí ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀ àti oko di ohun kan náà lójú akẹ́kọ̀ọ́. Ó sì lè kó ìbéèrè sórí fláàṣì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé láàrin ìlú, níbi tí wọ́n ti lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ìdínà tí a ṣe láti pa ìbéèrè mọ́ ni yóò wá ti ìbéèrè síta. Ohun tí ó tọ́ ni kí alábòójútó fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sí gbogbo kọ̀ǹpútà tí à ń fi tẹ ìbéèrè kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí olórí ẹ̀ka Yorùbá sì yẹ̀ ẹ́ wò.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé iṣẹ́ ni ó yẹ kí á fi pín àṣẹ, pé kí òǹlò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, àti pé ìdínà tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ ṣe é ṣe máa ń bí ewu mìíràn. Òfin Ààbò Dátà ti ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a bu ọwọ́ lù ní 2023, sì béèrè pé kí ẹni tí ó bá ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn dáàbò bò ó. Orúkọ àti máàkì akẹ́kọ̀ọ́ wà lára rẹ̀. A dábàá pé ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá, igbákejì rẹ̀ àti olórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jókòó ka orúkọ àwọn òǹlò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì bi ara wọn ní ìbéèrè méjì: Ǹjẹ́ ẹni yìí ṣì wà pẹ̀lú wa? Ǹjẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń fẹ́ àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìdáhùn wọn ni kí wọ́n fi tún àkójọ orúkọ náà ṣe kí sáà tuntun tó wọlé.