Torí kọ́mọ má baà bàjẹ́, ìyá fi dọ́là márùn-ún tàn án lọ sídìí idà: Ohun tójú òbí ń rí lórí eré fẹ́ńsìn l'Amẹ́ríkà

Bí èèyàn bá gbọ́ pé abiyamọ kan fowó lé ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́, tó ní kó máa lọ síbi tí wọ́n ti ń fi idà gún ara wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ sọ ni pé orí ìyá náà ti dàrú. Àmọ́ ohun tí ìyá kan ṣe gan-an nìyẹn nílùú Newark, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, l'Amẹ́ríkà, láyé ọdún 1960 àti díẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Japan ni obìnrin náà. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ ẹ ti bá tiẹ̀ lọ, òun nìkan ló ń dá tọ́ ọmọ, àdúgbò tí wọ́n ń gbé ò sì dáa rárá, ìjà ìgboro pọ̀ níbẹ̀ bíi kí wọ́n máa kó o dànù ni. Nígbà tó rí i pé bóun ò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, ìgboro máa gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́, ló bá pe Peter ọmọ ẹ̀ jókòó. Ó ní tó bá lè lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ eré idà, èyí tí òyìnbó ń pè ní fẹ́ńsìn, òun á fún un ní dọ́là márùn-ún.

Owó lọmọ rí tó fi gbà láti lọ o, kì í ṣe idà. Ṣùgbọ́n ìgbà tó débẹ̀, àfi bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ idà ni. Eré yìí ló gbé e wọ Yunifásítì New York láìjẹ́ pé ìyá ẹ̀ ń wá owó iléèwé kiri. Ìgbà 13 ló gba ipò kìíní nínú ìdíje idà oríṣi sabre ní gbogbo Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1984, ní Olíńpíìkì tó wáyé ní Los Angeles, ó gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ, òun sì ni aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó máa gba àmì-ẹ̀yẹ Olíńpíìkì nídìí fẹ́ńsìn. Peter Westbrook lorúkọ ẹ̀. Dọ́là márùn-ún péré ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀.

Àwọn òbí tó ń gbọ́ ìtàn yìí lónìí máa ń sọ pé àwọn náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún dáadáa, nítorí New Jersey àti New York wà lára ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, ibẹ̀ náà sì ni fẹ́ńsìn ti wọ àwọn iléèwé girama ìjọba. Ọmọ á kàn ti iléèwé dé lọ́jọ́ kan ni, á ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ máa ṣe fẹ́ńsìn." Ìyá tó rò pé bọ́ọ̀lù lòun máa ra bàtà ẹ̀ fọ́mọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Eré ìdárayá ni o, kì í ṣe ìjà. Látọdún 1896 tí Olíńpíìkì ayé òde òní ti bẹ̀rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀. Oríṣi idà mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá mú foil, àyà, ikùn àti ẹ̀yìn ẹnì kejì nìkan ló lè gún. Ẹni tó mú épée ò ní ibi tí kò lè gún, látorí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni. Sabre ní tiẹ̀, láti ìbàdí lọ sókè ni, wọ́n sì lè fi ẹ̀gbẹ́ idà sá a, yàtọ̀ sí kí wọ́n fi ẹnu ẹ̀ gún un. Wáyà ni wọ́n so mọ́ gbogbo ẹ̀, bí idà bá ti kan ibi tó yẹ, iná á tàn. Nípele àkọ́kọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ kan ẹnì kejì nígbà 5 ló jáwé olúborí. Tó bá wá di àjàkú-akátá, tẹ́ni tó bá fìdí rẹmi ń lọ sílé, ìgbà 15 ni. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá sì parí, dandan ni kí wọ́n fi idà kí ara wọn, kí wọ́n sì kí rẹfurí. Ọmọ tí kò bá kí èèyàn, ìyà ń bẹ fún un. Ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ́ pé ibẹ̀ yẹn ni eré náà ti kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n lára.

Ṣé idà ò ní wọ ọmọ lójú báyìí? Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí abiyamọ máa ń béèrè nìyẹn, kò sì burú tó bá béèrè ẹ̀. Lọ́dún 1982, nílùú Rome, Vladimir Smirnov, ọmọ Soviet tó gba góòlù ní Olíńpíìkì Moscow lọ́dún 1980, ń bá ọmọ Jámánì kan díje, ni idà ọmọ Jámánì yẹn bá ṣẹ́, tí ibi tó ṣẹ́ náà sì gba inú ìbòjú wọlé sí i lójú. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ló kú. Ikú yẹn da gbogbo àwọn tó ń ṣe fẹ́ńsìn láàmú, ni wọ́n bá tún òfin ṣe. Wọ́n mú kí ìbòjú le sí i, wọ́n wá irin tí kì í tètè ṣẹ́ fún idà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú tó le bíi ti ẹ̀wù tí ọta kì í wọ̀ rán aṣọ wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí eré náà má fi bẹ́ẹ̀ léwu mọ́ lónìí, òun náà ló sì fà á tí aṣọ ẹ̀ fi wọ́n.

Ibi owó yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìyá kan wà ní New Jersey, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Tí iléèwé ọmọ ẹ̀ bá ní ẹgbẹ́ fẹ́ńsìn, ìyá náà ríre, torí ọ̀pọ̀ iléèwé ló máa ń yá ọmọ ní ìbòjú àti ẹ̀wù. Tí kò bá rí èyí tí wọ́n ń yáni, ìbòjú, ẹ̀wù, ìbọ̀wọ́ àti idà kan tí ọmọ máa fi kọ́ṣẹ́, owó ẹ̀ lè tó dọ́là 150 sí 250. Ìyá á ní kò burú, òun á ṣe é. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Tọ́mọ bá ti fẹ́ máa díje, ẹ̀wù míì tí wọ́n fi irin tíńtínní hun tún wà tí wọ́n máa ń wọ̀ lé èyí tó wà nísàlẹ̀, fáwọn tó ń lo foil àti sabre, kí iná lè mọ ibi tí idà bà. Wáyà tún wà lọ́tọ̀. Idà kan ò sì tó, wọ́n ní ọmọ gbọ́dọ̀ ní méjì tó ń ṣiṣẹ́, wáyà méjì pẹ̀lú, nítorí bí ọ̀kan bá bàjẹ́ lójú eré tí kò sí òmíràn, ọmọ náà ni wọ́n máa fìyà jẹ. Irin idà tó dáa gidi, ẹyọ kan lè ju dọ́là 100 lọ, bẹ́ẹ̀ ó lè ṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ọmọ náà tún wá ń dàgbà. Ẹ̀wù tó bá a mu lọ́dún yìí, tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ó ti dé ìgúnpá.

Kóòṣì ò ṣeé gbàgbé. Ọmọ tó fẹ́ ta yọ gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń dá kọ́ ọ, nílùú ńlá, ìdá ìṣẹ́jú 20 sí 30 péré lè ná èèyàn ní dọ́là 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrìn àjò. Àwọn ìdíje ńlá kì í dúró sójú kan, ìlú kan sí òmíràn ni. Owó ìforúkọsílẹ̀, owó ọkọ̀ òfuurufú, owó hòtẹ́ẹ̀lì òru méjì, owó oúnjẹ, ìyá àtọmọ ni wọ́n jọ máa ná an. Ọmọ náà lè débẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n ti lé e jáde kó tó di ọ̀sán. Ìyá tó fi ìsinmi ẹ̀ sílẹ̀, tó pàdánù owó iṣẹ́ alẹ́ méjì, á wá máa ki ara ẹ̀ láyà nínú bàálù pé kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ òun. Ìyẹn náà lára ohun tójú wọn ń rí nìyẹn.

Kí wá ni wọ́n ń rí gbà níbẹ̀? Ẹ gbọ́ ti Ibtihaj Muhammad. Ọlọ́pàá ni bàbá ẹ̀ ní Newark, tíṣà ni ìyá ẹ̀, ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, Mùsùlùmí ni wọ́n. Gbogbo eré tí ọmọ náà ń ṣe níléèwé, ìyá ẹ̀ ló máa ń wá bó ṣe máa fi aṣọ kún aṣọ ẹ̀ kí ara ẹ̀ má baà ṣí sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, tìyá-tọmọ wà nínú mọ́tò, wọ́n ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé girama ìjọba tó wà ní Maplewood, ni wọ́n bá yọjú rí àwọn ọmọ kan láti ojú fèrèsé, wọ́n wọ aṣọ funfun bo gbogbo ara, wọ́n fi nǹkan bo orí, wọ́n ń fi idà ṣeré. Ìyá ò mọ orúkọ eré náà o, àmọ́ ojú ẹsẹ̀ ló ti sọ pé eyí tí ọmọ òun máa ṣe nìyẹn. Lọ́dún 2016, ní Olíńpíìkì Rio, ọmọ yẹn kan náà wọ híjáàbù díje fún Amẹ́ríkà, obìnrin Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn: nígbà tó wọ Yunifásítì Duke, ìwé tó mọ̀ ló fún un ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, kì í ṣe idà.

Ibẹ̀ yẹn lọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Wọ́n ti gbọ́ pé fẹ́ńsìn máa ń jẹ́ kí ọmọ rọ́nà wọ yunifásítì ńlá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àwọn yunifásítì tó ní ẹgbẹ́ fẹ́ńsìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ò tó 50. Harvard, Princeton, Columbia àtàwọn ẹgbẹ́ wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ torí eré ìdárayá. Àwọn tó sì ń fúnni, títí di ọdún 2025 tí òfin yí padà, gbogbo ẹgbẹ́ ọkùnrin látòkè délẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gbà ju ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ 4.5 lọ, tàwọn obìnrin ò gbọ́dọ̀ ju 5 lọ. Ńṣe ni wọ́n máa ń gé e wẹ́wẹ́ pín. Òbí tó bá ṣírò gbogbo ohun tó ti ná látìgbà tọ́mọ ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá lè rí i pé owó tó jáde ju èyí tó wọlé lọ.

Àwọn kan tiẹ̀ wà tí ọ̀rọ̀ ọmọ àti idà gbé dé ilé ẹjọ́. Lọ́dún 2019, Harvard lé kóòṣì fẹ́ńsìn wọn dànù. Ìwé ìròyìn kan ló kọ́kọ́ tú u síta pé bàbá olówó kan ra ilé kóòṣì náà ní ohun tó sún mọ́ dọ́là mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ iye tí ìjọba ìlú kọ sílẹ̀ fún ilé ọ̀hún ò ju nǹkan bíi dọ́là 550,000 lọ. Ọmọ bàbá olówó náà sì wà nínú ẹgbẹ́ fẹ́ńsìn wọn. Iléèwé ní kóòṣì rú òfin. Lọ́dún 2020, ìjọba àpapọ̀ gbé àwọn méjèèjì lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní rìbá ni. Àwọn yẹn ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rẹ́ làwọn, ọmọ náà sì mọ̀wé, ó mọ idà. Nígbà tó di December 2022, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní wọn ò jẹ̀bi. Wọ́n bọ́, àmọ́ gbogbo ayé ti rí i bí àníyàn àtiwọ yunifásítì ṣe lágbára tó nídìí eré tí wọ́n ní ọmọdé ń ṣe.

Westbrook ní tiẹ̀ ò gbàgbé ibi tó ti wá. Lọ́dún 1991, ó dá àjọ kan sílẹ̀ nílùú New York. Ọmọ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa ń kóra jọ, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àtàwọn tí òbí wọn ò lówó lọ́wọ́ ló sì ń kọ́, wọ́n tún ń bójú tó ìwé wọn. Bàbá kan ní Brooklyn ka ìròyìn àjọ yìí nínú ìwé ìròyìn, ló bá mú Keeth àti Erinn Smart, àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì, lọ síbẹ̀. Lọ́dún 2003, Keeth di ẹni àkọ́kọ́ láti Amẹ́ríkà tó máa gba ipò kìíní lágbàáyé nídìí sabre. Bàbá yẹn kú lọ́dún 2005, ìyá wọn tẹ̀ lé e lọ́dún 2008, lọ́dún yẹn kan náà sì ni àìsàn ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí Keeth fúnra ẹ̀. Síbẹ̀, ó débi Olíńpíìkì Beijing ní August 2008, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló sì gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà pẹ̀lú ẹgbẹ́ wọn. Nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, Russia àti Amẹ́ríkà ti dé 44 sí 44, Keeth ló sì fi idà kan ẹlòmíì gbẹ̀yìn. Kò sí òbí kankan tó wà láyé láti rí i.

Àjọ kan náà ni Lauren Scruggs, ọmọ Queens, ti jáde wá. Ní Olíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, ó gba fàdákà fúnra ẹ̀, ó tún gba góòlù pẹ̀lú ẹgbẹ́ obìnrin Amẹ́ríkà. Westbrook fojú rí i. Ní November ọdún yẹn kan náà ló jáde láyé, lẹ́ni ọdún 72.

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ní ìmọ̀ràn kan tí wọn kì í fi pa mọ́: kí òbí wá iléèwé ìjọba tàbí àjọ tó ń kọ́ni ní owó táṣẹ́rẹ́ kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba owó gọbọi. Kí wọ́n yá aṣọ lò lọ́dún àkọ́kọ́, tàbí kí wọ́n ra èyí tọ́mọ ẹlòmíì ti wọ̀ tó kéré mọ́ ọn, àmọ́ kí wọ́n rí i dájú pé ìbòjú ẹ̀ ṣì le. Kí wọ́n má sáré tẹ̀ lé gbogbo ìdíje, èyí tó wà nítòsí ti tó fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, kí wọ́n máa wo ìwé ọmọ. Tí máàkì bá ti ń lọ sílẹ̀ torí idà, kí idà dúró ná. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ìyá tó fi dọ́là márùn-ún tan ọmọ ẹ̀ ní Newark ò mọ̀ pé ó máa gba àmì-ẹ̀yẹ, kò sì sí níbi tó ti ń ṣírò ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́. Ohun kan ló ń wá: kọ́mọ òun kúrò nígboro, kó wà láàyè. Ìyẹn ló kọ́kọ́ rí gbà, èyí tó kù, ẹ̀ẹ̀kún ni.