Kí Ohùn Má Baà Di Ariwo: Ẹ̀rọ Agbóhùnsókè àti Èdè Yorùbá Nínú Gbọ̀ngàn Tó Ń Dún Padà

Ìfáárà

Owódé Onírin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ lẹ́bàá títì Ìkòròdú, jẹ́ ọjà tí orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ lọ́sàn-án yóò gbọ́ òòlù lórí irin, fèrè ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀, àti ohùn ènìyàn láti inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí àwọn ará ọjà ń pè ní sípíkà. Ní agbègbè yìí, láti Kétu dé Máìlì 12 àti Ìkòsí, ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń lò fún ìjọsìn, ìpàdé àti ayẹyẹ ló jọ ara wọn: ògiri búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, òrùlé páànù. Irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń dá ohùn padà. Ìṣòro yìí kì í ṣe ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan. Ó kan onímọ̀ èdè pẹ̀lú, nítorí pé èdè olóhùn ni Yorùbá, ohun tí gbọ̀ngàn bá sì ṣe sí ohùn, ìtumọ̀ ló ṣe é sí. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ Yorùbá fi ń dàrú nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìdí tí fífi kún agbára ẹ̀rọ kì í fi í tún un ṣe, àti irú ẹ̀rọ tó lè ràn wá lọ́wọ́.

Gbohùngbohùn

Yorùbá ń pe ìró tó lu òkè tàbí ògiri, tó sì padà wá bá etí, ní gbohùngbohùn. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, orúkọ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fún ẹ̀rọ tí à ń sọ̀rọ̀ sí. Bí àrùn àti oògùn ṣe di olórúkọ kan nìyẹn. Níhìn-ín, gbohùngbohùn yóò dúró fún ìró tó ń padà nìkan.

Lọ́dún 1895, wọ́n ní kí Wallace Clement Sabine, olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Fogg Art Museum, níbi tí àwọn olùgbọ́ kì í ti í lóye ọ̀rọ̀. Nígbà tí gbọ̀ngàn náà bá ṣófo, ọ̀rọ̀ kan máa ń dún nínú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ kó tó kú. Sabine ń kó tìmùtìmù ìjókòó wọlé lóru, ó sì ń wọn bí ìró ṣe ń pẹ́ tó. Ó rí i pé àkókò ìkú ìró máa ń gùn bí ilé bá ṣe tóbi sí, ó sì máa ń kúrú bí ohun tó ń mu ìró bá ṣe pọ̀ sí. Fèrèsé ṣíṣí ló fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ìró tó bá bá fèrèsé jáde kì í padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Gbọ̀ngàn kan gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní mítà 12, ó sì ga ní mítà 5. Inú rẹ̀ jẹ́ mítà kúbíkì 1,200. Ògiri, ilẹ̀ àti òkè rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 800. Bí wọ́n bá ń mu ìdá 3 nínú 100 ìró tó bá lù wọ́n, èyí jẹ́ ìwọ̀n 24. Bí fèrèsé ṣíṣí bá fi 20 kún un, ó di 44. Ìlànà Sabine ni pé kí a fi 0.161 sọ ìwọ̀n inú ilé di púpọ̀, kí a sì fi ìwọ̀n amúró pín in. Yóò fún wa ní ìṣẹ́jú-àáyá 4.4 kí ìró tó relẹ̀ ní dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 60. Bí 200 ènìyàn bá wọlé, tí ara àti aṣọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mu ìwọ̀n 0.4, àkókò náà yóò já sí bíi ìṣẹ́jú-àáyá 1.6. Nítorí náà, ẹni tó yẹ ẹ̀rọ wò lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí ilé ṣófo yóò bá ilé mìíràn pàdé lọ́jọ́ Àìkú.

Ohun tó ń ṣe sílébù Yorùbá

Bí asọ̀rọ̀ bá ń pe sílébù 5 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan, nínú gbọ̀ngàn òfìfo tí a ṣàpèjúwe yìí, sílébù kan kò ní tíì relẹ̀ tó dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì 3 nígbà tí èkejì bá dé. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ yóò máa dún pọ̀. Ẹni tó gbọ́ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ nínú irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti máa fi òye wá ìtumọ̀. Kọ́ńsónáǹtì bíi k, t, f àti s tún kéré lágbára ju fáwẹ́lì lọ. Fáwẹ́lì tó ṣáájú ni yóò bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Nínú gbọ̀ngàn yìí, odindi là ń sọ, àbọ̀ ló ń dé etí, kò sì sí ọmọlúàbí tó lè mọ èyí tó kù.

Àwọn kan gbà pé inú báàsì ni ohùn Yorùbá wà, wọ́n sì máa ń fi kún un. Tẹlifóònù fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìró tó wà láàárín Hertz 300 sí 3,400 ni tẹlifóònù àtijọ́ ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin sábà máa ń wà nísàlẹ̀ Hertz 200. Síbẹ̀ a ń gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn lórí fóònù, nítorí pé ọpọlọ ń fi àwọn ìró òkè tó bá ohùn náà rìn mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí a bá dín báàsì kù nínú ìwàásù tàbí ìkéde, ohùn kankan kò sọnù. Ìró tí ilé le jù láti pa la dín kù.

Ìdí tí ariwo kì í fi í ṣe oògùn

Ìró méjì ló ń dé etí: ohùn tààrà láti ẹnu ẹ̀rọ, àti ohùn àpadà láti ara ilé. Ohùn tààrà ń dín kù bí a bá ṣe ń jìnnà; ohùn àpadà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba káàkiri gbọ̀ngàn. Nínú àpẹẹrẹ wa, nígbà tí ilé ṣófo, bí ẹ̀rọ bá ń da ohùn sí ibi gbogbo, ohùn àpadà yóò borí kó tó pé mítà kan. Bí a bá fi kún agbára ẹ̀rọ, méjèèjì ni yóò jọ gòkè. Ìwọ̀n tó wà láàárín wọn kò ní yí padà. Àwọn tó wà níta nìkan ni ariwo náà yóò tún pọ̀ sí i fún. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré: lóṣù kẹjọ ọdún 2016, ìròyìn kàn pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo.

Ẹ̀rọ tó ń darí ohùn

Ọ̀nà àbáyọ ni kí ohùn lọ sí ara olùgbọ́, kó má lọ sí ara páànù. Sípíkà kékeré tí a tò lórí ara wọn nínú àpótí tóóró tó dúró ṣánṣán ń ṣe èyí: ó ń tan ohùn sí ọ̀tún àti òsì, kì í sì í jẹ́ kó gòkè púpọ̀. Gíga òpó náà ṣe pàtàkì. Gígùn ìgbì ìró Hertz 430 jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 80. Nítorí náà, òpó tó ga tó bẹ́ẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í darí ìró láti ibẹ̀ lọ sókè. Sípíkà 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 ti tó láti ṣe é. Bí ẹ̀rọ bá kó agbára rẹ̀ jọ sí ọ̀nà kan ní ìlọ́po 10, ibi tí ohùn tààrà ti ń borí yóò gùn ju ìlọ́po 3 lọ.

Bí gbọ̀ngàn bá gùn, ó sàn kí a pín sípíkà púpọ̀ káàkiri, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ nítòsí olùgbọ́. Ṣùgbọ́n ìró ń rin bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sípíkà tó wà ní mítà 17 sí iwájú gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ ju ìdá 50 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ kó tó sọ̀rọ̀. Helmut Haas ní Jámánì ló fi hàn, nínú ìwádìí tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1951, pé bí ìró kejì bá tètè tẹ̀ lé èkínní, etí yóò gbà wọ́n bí ọ̀kan, láti ibi tí èkínní ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, P. H. Parkin àti J. H. Taylor lo òpó sípíkà àti ìdádúró ohùn yìí nínú Kàtídírà St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìgúnlẹ̀

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Akéde máa ń lu agogo kí etí lè ṣí, á dákẹ́, á sọ gbólóhùn kúkúrú, á sì tún un sọ. Onídùndún, tí kò ní kọ́ńsónáǹtì lọ́wọ́, ń fa gbólóhùn gùn kí ọ̀rọ̀ má baà ní ìtumọ̀ méjì. Ẹni tó ń kìlọ̀ fún ọlọ́jà nípa ọkọ̀ tó ń bọ̀ lè kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà: "ọkọ̀ akẹ́rù" ṣòro láti ṣì gbọ́ ju "ọkọ̀" lásán lọ.

Iṣẹ́ kan wà fún àwa onímọ̀ èdè. Houtgast àti Steeneken ní Netherlands gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, èyí tó ń fi nọ́ńbà láti 0 dé 1 sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe yéni sí. Bí agbára ìró ṣe ń lọ sókè sódò ni òṣùwọ̀n náà ń tọ̀. Bí ohùn ṣe ń yí láti òkè sí ìsàlẹ̀ kọ́ ló ń wọ̀n. Ó yẹ kí a to àwọn ọ̀rọ̀ tí ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀ sínú gbólóhùn kan náà, kí a pè wọ́n nípasẹ̀ ẹ̀rọ nínú gbọ̀ngàn, kí àwọn olùgbọ́ tó jókòó sẹ́yìn sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Igba, igbá àti ìgbà lè wà nínú wọn. Bí àwọn tó wà lẹ́yìn bá kọ ohun tí asọ̀rọ̀ pè gan-an, ẹ̀rọ náà gbọ́ Yorùbá.