Láti Ìdí Ìkòkò Aró ní Kẹ́mta dé Ẹnu Ọ̀nà Aké

Kí n tó rí ẹnikẹ́ni nínú agboolé tí mo wọ̀ ní Kẹ́mta, l'Abẹ́òkúta, imú mi ti mọ̀ pé ilé aláró la dé. Àbẹ́là ń yọ́ nínú ìkòkò lórí iná igi, èéfín rẹ̀ ń ta ojú. Kọ́ósítíìkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sómi ń hó yaya nínú páànù kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Haidíró, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró, sì ń rùn bí ẹyin tó kẹ̀. Ilẹ̀ àgbàlá náà ti gba àwọ̀ oríṣiríṣi títí a ò fi mọ àwọ̀ tí Ọlọ́run dá a mọ́.

"Àrẹdú o!" ni mo fi kí wọn.

Màmá tó jókòó ti agbada aró rẹ́rìn-ín. "Àṣẹ o, ọmọ mi. Ta ló kọ́ ẹ? 'Ẹ kú iṣẹ́' nìkan làwọn ọmọ ìsinyìí mọ̀."

Ọ̀dọ́kùnrin kan na aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá lé. Fóòmù tó gé ní àwòrán ewé ló mú lọ́wọ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ inú àbẹ́là gbígbóná, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, kò fi rúlà wọn nǹkan kan, síbẹ̀ ìlà ewé náà tò gún régé láti etí kan dé èkejì. Aṣọ bọ́ sọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà dé ìgúnpá. Ó rì í sínú agbada, ó yí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fà á jáde. Àwọ̀ ewé ni. Atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ó di aró.

Nígbà tí màmá yìí wà lọ́mọdé, ó ní ewé èlú tí wọ́n gún àti omi eérú ni ìyá tirẹ̀ fi ń rẹ aṣọ. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ìyẹ́ adìẹ làwọn obìnrin fi ń yà á, àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta sì máa ń gé páànù pẹlẹbẹ ní àwòrán, tí wọn á fi ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀. Kọ́ósítíìkì ló gé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ kúrú. Òun náà ló sì dá ọ̀kan nínú àwọn ìjà ọjà tó le jù sílẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá: láàárín ọdún 1930 sí 1940, Aláké ìgbà náà, Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, fòfin de kọ́ósítíìkì àti aró òyìnbó, wọ́n ní ó ń ba aṣọ jẹ́, orúkọ ọjà sì ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà. Àwọn aláró kọ̀ jálẹ̀. Ní 1936, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ àdìrẹ. Ohun tó dùn mí nínú ìtàn náà ni pé kì í ṣe pé ààfin ń purọ́ lórí aṣọ tó ń bàjẹ́. Àwọn tó ń ti ọwọ́ bọ aró ni wọn ò kọ́kọ́ pè jókòó.

Omi ló ń gbé gbogbo iṣẹ́ yìí. Kànga ẹ̀rọ kan wà lẹ́yìn ilé, jẹnẹrétọ̀ ló ń fà á. Omi kan fún aró, òmíràn fún ṣíṣan aṣọ, òmíràn tó ń hó fún yíyọ àbẹ́là kúrò, kí wọ́n tó gbé àbẹ́là náà pamọ́ fún ìgbà mìíràn. Gbogbo rẹ̀ ló ń jáde gba ẹnu ọ̀nà, búlúù lórí, pupa lábẹ́, ó ń bọ́ sínú gọ́tà àdúgbò. Mo tẹ̀ lé e títí tí ìyanrìn fi dí i. Omi náà dúró. Ẹ̀fọn wà lórí rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan gbé wa lọ sí Ìtòkú, èmi àti ẹrù aṣọ mẹ́ta. Àpáta Olúmọ yọ lókè, gàgàrà, àwọn ilé onípáànù tó ti dípẹtà sì rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọjà wà. Aṣọ ni mo kọ́kọ́ rí, aṣọ ni mo sì rí gbẹ̀yìn: wọ́n fi kọ́ ara ilẹ̀kùn, wọ́n fi kọ́ ara igi, wọ́n kó o jọ títí tó fi kan àjà, tó jẹ́ pé ẹni tó ń tajà inú ṣọ́ọ̀bù ò ju orí àti ọwọ́ lọ. Kànpálà aláwọ̀ mẹ́rin, oníkò tó ní òrùka òrùka, ẹlẹ́kọ tí kò tún wọ́pọ̀ mọ́. Àwọn tó ń ta ewé àti egbò ò jìnnà, àwọn lẹ́kulẹ́ja náà wà níbẹ̀, òórùn egbò tútù bá òórùn sítáàṣì aṣọ tuntun pàdé. Alábàárù ń pariwo "àgò lọ́nà o!" Ẹ̀rọ tí ń gba owó látorí káàdì ń dún bíǹ-bíǹ. Ẹnìkan ń lu aṣọ lórí ìtì igi kó lè dán.

"Ẹ wá wo tèmi, bọ̀dá! Tọwọ́ ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ!"

Mo dúró lọ́dọ̀ ẹni tó pè mí. Ó fa aṣọ méjì síta, ó ní kí n sọ èyí tí ọwọ́ ṣe. Ojú wọn jọra. Ó yí wọn dà. Ẹ̀yìn ọ̀kan rí bí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn èkejì ṣá, bíi pé wọn ò parí rẹ̀. "Èyí, òkè òkun ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n kó o wá. Ìdajì owó tèmi ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe tọ́jú ọ̀kan, kí n lè máa fi han àwọn oníbàárà."

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ọmọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì dé pẹ̀lú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ya ọ̀kan. Ó gbowó. Ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìyá aláṣọ náà fi tíkẹ́ẹ̀tì gún ìṣó kan lára ògiri, níbi tí àwọn tó kù ti nípọn bí ìwé àkàgbádùn.

Òfin àpapọ̀ ọdún 1998 lórí owó orí àti owó ọjà fi owó ṣọ́ọ̀bù, owó ibùdókọ̀ àti owó ọjà tí ìpínlẹ̀ kò náwó sí sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin kan náà ló ka dídí ọ̀nà fún owó gbígbà léèwọ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 wá ka iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀: ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìyàgbẹ́, ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, kíkó pàǹtí. Ẹni bá rin Ìtòkú láti òkè dé ìsàlẹ̀ ti rin orí ìwé yẹn.

Ọ̀sán pọ́n. Ìpàdé wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ páànù tí oòrùn ti yan. Àwọn aláró, àwọn aláṣọ, àwọn ọkùnrin onífóòmù, olórí alábàárù. Níwájú wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ méjì, ọ̀kan nínú wọn wolé-wolé. Wọ́n pín omi inú ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ju gọ́tà lọ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣí ìwé rẹ̀, ó ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti dá owó tó lè san àwọn tí yóò kó ìyanrìn jáde, tí yóò sì kù díẹ̀ fún àwọn pátákó kọnkéré tí wọn á fi bo gọ́tà níbi tí àwọn èèyàn ti ń kọjá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wolé-wolé ò pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ìyanrìn tí ẹ bá kó sí etí gọ́tà, òjò kan ṣoṣo ló máa dá a padà."

"Ìdí tá a fi pè yín nìyẹn," ni màmá kan dáhùn láìdìde. "Àwa á kó o jáde. Ẹ̀yin ẹ fi típà gbé e lọ. Ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀."

Òṣìṣẹ́ kejì ní òun ò lè fọwọ́ sí ọjọ́, pé ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì. Ariwo sọ. Nígbà tó rọlẹ̀, wolé-wolé tún gbé tirẹ̀ kalẹ̀: kí àwọn aláró gbẹ́ kòtò tí omi aró á ti máa sinmi kó tó jáde, nítorí pé gọ́tà tí a kó tán, tí kọ́ósítíìkì ń ṣàn nínú rẹ̀, àrùn la fi ń pàrọ̀ ìdọ̀tí. Ó dé ibi tó ń dun àwọn ará Kẹ́mta. Ọ̀dọ́kùnrin onífóòmù kan bi í léèrè ta ni yóò san owó kòtò. Àgbàlá ẹlòmíràn ò gba kòtò, ẹlòmíràn ayálégbé ni. Mo rí i pé wolé-wolé kọ ìbéèrè náà sílẹ̀. Kò dáhùn rẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sí i níkẹyìn pé kí agboolé mẹ́ta tó ní àyè fi tiwọn ṣe àpẹẹrẹ, kí ẹgbẹ́ yá wọn lówó, kí ìjọba ìbílẹ̀ fi ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ ránṣẹ́. Lójú tèmi, ìpinnu yẹn ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n lò lórí rẹ̀.

Wọ́n kọ lẹ́tà níbẹ̀. Àwọn obìnrin méjì ló mú un lọ sí Aké, níbi tí oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta wà, èmi sì bá wọn lọ. Ọ̀nà náà gun òkè; òógùn bò wá kí a tó dé gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún ìlú. Ààfin Aláké wà nítòsí. Ní 1947, ọ̀pọ̀lọpọ̀ obìnrin ọjà jókòó síwájú ààfin yìí pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, aṣáájú wọn, nítorí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké, Adémọ́lá kan náà tó fòfin de kọ́ósítíìkì, kúrò lórí ìtẹ́; oṣù Kejìlá 1950 ló padà. Wọ́n fi obìnrin mẹ́rin sínú ìgbìmọ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí mo dárúkọ Ransome-Kuti fún àwọn tí mo bá rìn, èyí tó dàgbà jù ní, "Ìyá ìyá mi jókòó níbí. Ó ní ebi pa wọ́n, wọn ò lọ ilé."

Nínú ọgbà ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tò gígùn fún ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Fáànù ń yí, kò mú atẹ́gùn wá. Lábẹ́ igi, àwọn òṣìṣẹ́ ń jiyàn lórí ìdájọ́ ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, èyí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe nípasẹ̀ ìpínlẹ̀. Ọ̀kan ní nǹkan máa yí padà. Èkejì béèrè ẹni tó máa ka ìwé owó náà síta fún ará ọjà. Ẹni tó béèrè kò rí èsì.

Akọ̀wé tó gba lẹ́tà kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohun tí n kò retí. Ó ní ẹ̀dà méjì ló yẹ kó jẹ́, ọ̀kan fún ẹ̀ka iṣẹ́, ọ̀kan fún ẹ̀ka ìlera, kí wọ́n sì gba èyí tí wọ́n lù lóǹtẹ̀ padà sọ́wọ́ ara wọn.

"Ibo la ti máa ṣe ẹ̀dà, ọmọ mi?"

Ó nawọ́ sí òdìkejì ọ̀nà. Èèyàn mẹ́fà ló ti wà níwájú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì náà, iná sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin méjèèjì tò sẹ́yìn wọn.