Òjò Lóde, Ìrì Nínú Ọkọ̀

Òjò oṣù Keje kì í gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Berger l'Ékòó kó tó dé. Àwa èrò rọ́ wọ inú danfo tó ń lọ Ọbáléǹdé, aṣọ wa ń kán tó-tó-tó, agboòrùn ń da omi sẹ́sẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Kọ̀ńdọ́ fa ilẹ̀kùn dé. Kò sí fèrèsé kan tí wọn ò tíì pa. Mo jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí ohun tí dírẹ́bà ń rí, tàbí ohun tí kò rí.

A ò tíì dé Secretariat tí gíláàsì iwájú fi ṣú. Omi òjò kọ́ ni o. Wáípà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù ń jà fitafita níta, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Inú ni ìrì náà wà. Láti ìsàlẹ̀ gíláàsì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, títí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ṣáájú wa fi di àbàwọ́n pupa kan lásán.

Dírẹ́bà fa àkísà yọ lábẹ́ ìjókòó, ó nù ún. Kó tó dá àkísà padà, ó tún ti ṣú. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. Èyí ló burú jù nínú gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, mo sì ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá onímọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀rá ọwọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ìrì tó bá tún dé á ṣù jọ sórí rẹ̀, iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú á sì fọ́n káàkiri lójú ẹni.

"Ẹ ṣí wíńdò díẹ̀ lẹ́yìn yẹn o!" ni dírẹ́bà kígbe.

"Kí òjò wá pa mí?" ìyá kan tó gbé báàgì lé itan ló dá a lóhùn. "Owó ọkọ̀ ni mo san, mi ò san owó ìwẹ̀."

Ẹ̀rín sọ nínú ọkọ̀. Kọ̀ńdọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n ìka kan péré. Ọ̀gá ò ríran mọ́."

Dírẹ́bà ló jàre. Omi tó ń jáde lára èèyàn kan nínú èémí àti láti awọ ara, láì tíì làágùn rárá, tó nǹkan bí 800 mílílítà lójúmọ́. Èrò 14, dírẹ́bà àti kọ̀ńdọ́: kí wákàtí kan tó pé, àwa 16 á ti tú omi tó kún ìgò 50cl sínú afẹ́fẹ́ ọkọ̀, láì tíì ka ti aṣọ tútù àti agboòrùn mọ́ ọn. Òjò ń mú gíláàsì tutù láti ìta. Afẹ́fẹ́ tó móoru lè gba ọ̀rinrin púpọ̀ mọ́ra, àmọ́ tó bá ti kan ohun tútù, kò lè gbà á tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ibẹ̀ náà ni èyí tó ṣẹ́ kù á dà sí. Omi tó ti balẹ̀ nìkan ni àkísà ń kó. Kò rí nǹkan kan ṣe sí èyí tó ṣì wà nínú afẹ́fẹ́.

Màmá gbà nígbẹ̀yìn, bùọ̀dá kan náà sì ṣí ti òdìkejì, atẹ́gùn wá ríbi gbà kọjá. Nígbà tí a fi máa dé Ọ̀wọ̀rọ̀, gíláàsì ti ń mọ́ láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín. Ó bọ́ sákòókò, nítorí afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990, kìlómítà 11.8 gbáko, kì í ṣe ibi tí dírẹ́bà lè yà dúró sí kó máa nu gíláàsì. Ibẹ̀ ló ti sọ ọgbọ́n tirẹ̀ fún mi: láàárọ̀, kí òjò tó dé, ó máa ń fi aṣọ tó ní ọṣẹ olómi díẹ̀ pa inú gíláàsì, á sì fi aṣọ gbígbẹ dán an. Òótọ́ ni. Ọṣẹ kì í lé omi lọ, ó ń jẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ ni, kó má ṣù, ojú sì lè ríran kọjá nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ tó gbé mi padà nírọ̀lẹ́ jẹ́ Corolla tòkunbọ̀ kan, táàsì orí fóònù. Òjò ti dá, ooru ti gbalẹ̀, AC sì tutù débi tí mo ń gbọ̀n. Gíláàsì iwájú tún ṣú. Dírẹ́bà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, mú tówẹ̀lì, ó nu inú títí, kò mọ́. Mo na ìka kan gíláàsì: ó gbẹ táútáú. Ìta ni ìrì wà! Ó fi wáípà gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó mọ́. Inú ni òtútù ti wá lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rinrin sì wà lóde. Ó yí atẹ́gùn AC kúrò lójú gíláàsì, ó sì dín òtútù kù.

Nígbà tí òjò tún ṣú bolẹ̀, inú ni ìrì padà sí. Bọ́tìnnì tó ní àwòrán ọkọ̀ àti ọfà tó ká wọ inú rẹ̀ wà ní títẹ̀, nítorí èéfín tírélà. Gbogbo Èkó ló ń ṣe é. Afẹ́fẹ́ kan náà tí a ti mí síta ló ń yí ká nínú ọkọ̀. Ó pa bọ́tìnnì náà, ó jẹ́ kí AC máa ṣiṣẹ́, ó darí atẹ́gùn sí gíláàsì, kò sì pẹ́ tó fi mọ́. AC máa ń gbẹ afẹ́fẹ́. Omi tó fà yọ ló ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀.

Gíláàsì ẹ̀yìn kò mọ́ ní tirẹ̀. Mo bi í nípa àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe eríà rédíò ni?" Wáyà tó ń gbóná ni, bọ́tìnnì rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀ látọjọ́ tó ti ra ọkọ̀. Àwọn èèyàn wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ní béèrè irú rẹ̀. Ìwé òfin ojú pópó ìlú Ọba ní kí wọ́n mú ìrì kúrò lójú gíláàsì pátápátá kí wọ́n tó gbéra nígbà òtútù. Dírẹ́bà tẹ bọ́tìnnì náà, ìlà mẹ́ta péré ló ṣiṣẹ́. Ẹni tó bó tint àtijọ́ kúrò ti ya àwọn yòókù.

Síbẹ̀ ó ní, àràárọ̀ ni ọkọ̀ òun ń ṣú kí òun tó tan án rárá. Ẹsẹ̀ mi ti sọ ìdí rẹ̀ fún mi: kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ mi rin gbingbin. Ó yà sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún AC ṣe l'Ọ́jọ̀dú. Ọ̀gá náà dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù kékeré kan, ẹrẹ̀ jáde, omi tẹ̀ lé e yàà. Páìpù ló ti dí, omi AC wá ń dà sínú ọkọ̀ dípò ìta.

Dírẹ́bà na owó sí i, ó fẹ́ máa lọ. Ọ̀gá kò tíì gbà á. "Yọ kápẹ́ẹ̀tì yẹn ná," ó ní, "kó o lọ sá a. Tó bá sùn síbẹ̀ mọ́jú, wàá tún máa nu gíláàsì lọ́la."