Fá Inú Orúkọ Yín: Orúkọ Ìdílé Àwọn Ará Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n

Ayọ̀délé Fáyóṣe ti Àfàò ṣe gómìnà Èkìtì lẹ́ẹ̀mejì, Káyọ̀dé Fáyẹmí ti Ìsàn náà ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín 2003 sí 2022, àwọn méjèèjì ló pín èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún wọ̀nyẹn. Fẹ́mi Fálànà, agbẹjọ́rò tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, ọmọ Ìláwẹ̀ ni. Ṣáájú wọn ni Adékúnlé Fájuyì, sójà ọmọ Adó-Èkìtì, gómìnà ológun àkọ́kọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, ní oṣù Keje ọdún 1966. Ní ìpínlẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì kún báyìí, Ifá, tí a gé kúrú sí Fá, ṣì ń ṣíwájú orúkọ.

Bí ọmọ yín tó ń jẹ́ irú orúkọ yìí ní London tàbí Houston bá bi yín pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe yẹ ìbéèrè náà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́ wọn, ó sì ń dùn mí, torí ìtàn tó wà nídìí Fá yẹn ló lè mú ọmọ náà dé ìlú baba rẹ̀.

Nínú ẹsẹ Ifá kan tó wà lábẹ́ Ìwòrì Méjì, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà, baba Ifá, bí ọmọ mẹ́jọ, gbogbo wọn sì jọba. Alárá ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, Ajerò ló tẹ̀lé e, Ọlọ́wọ̀ sì ni àbíkẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan tí baba ń ṣọdún, àwọn ọmọ wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Ọlọ́wọ̀, ó kọ̀, kò kí i. Ó ní bí baba ṣe múra lòun náà ṣe múra, ọba kì í sì í forí balẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rúnmìlà bínú, ó fi ayé sílẹ̀. Ayé dàrú: aboyún kò bí, àgàn kò rí ọmọ, òjò kò rọ̀. Àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wálé. Kò padà, ṣùgbọ́n ó kó ikin mẹ́rìndínlógún lé wọn lọ́wọ́ pé ohun tí wọn yóò máa bi léèrè nìyẹn. Ajerò ni oyè ọba Ìjerò títí di òní, Alárá sì ni oyè ọba Arámọkọ. Ìlú tí wọ́n ń ka oyè ọba wọn mọ́ ọmọ Ifá, kò yà mí lẹ́nu pé Ifá pọ̀ nínú orúkọ wọn.

Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, tí kò jìnnà sí àwọn ìlú wọ̀nyí, ni Fábùnmi ti dìde. Ọmọ ọba ni, ọ̀dọ́mọkùnrin ni pẹ̀lú. Ní 1878, ó pa ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú wọn. Ogun Kírìjí ràn mọ́ ọn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ kọjú sí Ìbàdàn, ìjà náà kò sì parí pátápátá títí di 1893. Ifá bùn mi ni orúkọ ọkùnrin yìí. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ń dúpẹ́ ẹ̀bùn ọmọ ni, wọn kò mọ̀ pé orúkọ náà yóò wọ ìtàn ogun.

Bí orúkọ wa ṣe rí nìyẹn: ọ̀rọ̀ tí ìdílé kan sọ lọ́jọ́ ìkómọ ni. Fálànà, Ifá la ọ̀nà. Fágbèmí, Ifá gbè mí. Fákúnlé, Ifá kún inú ilé. Ẹni tó ń jẹ́ Fárẹ̀mílẹ́kún, ó ṣeé ṣe kí ẹkún kan ti wà nínú ilé kí wọ́n tó bí i. Ohùn Èkìtì pàápàá hàn níbẹ̀. Iyì ni Ọ̀yọ́ ń wí, uyì ni Èkìtì ń wí, ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ Fáṣuyì àti Adéṣuyì. Tí orúkọ yín bá ní uyì nínú bẹ́ẹ̀, apá Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà tàbí Oǹdó ni kí ẹ kọ́kọ́ wá orísun rẹ̀ sí. Gbogbo ilé kọ́ ló ń jẹ́ Fá ṣá. Ilé ọba ń jẹ́ Adé, ilé olóyè ń jẹ́ Oyè. Gómìnà tó gorí oyè ní 2022, Bíọ́dún Oyèbánjí, ọmọ Ìkọ́gòsì ni.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin tó wà lókè òkun mọ̀ jù lọ ni pé kò sí orúkọ ìdílé láyé àtijọ́. Ènìyàn ní àbísọ, ó ní oríkì, ó lè ní àmútọ̀runwá, wọ́n á sì pè é ní ọmọ lágbájá láti agboolé báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ fi orúkọ mìíràn kún un níbi ìrìbọmi, Joseph tàbí Ruth, lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé béèrè orúkọ baba. Nígbà tí Henry Dallimore dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1933, ọmọ tó bá dé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ tí wọn yóò kọ sínú ìwé. Ó sọ orúkọ baba rẹ̀, ó di orúkọ tirẹ̀, ó di ti ọmọ rẹ̀, ó sì wọ pásípọ́ọ̀tù. Ẹnì kan ṣoṣo ló ni orúkọ tí gbogbo yín ń jẹ́ lónìí, baba ńlá tàbí baba baba ńlá yín kan. Bí ẹ̀gbọ́n bá fi àbísọ baba forúkọ sílẹ̀, tí àbúrò fi oríkì baba kan náà forúkọ sílẹ̀ níbòmíràn, ọmọ ìyá méjì yóò di orúkọ ìdílé méjì.

Ṣáájú ìgbà náà ni ìsọjí 1930 ti dé. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá tó ti wa katakata tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà rí, ṣe iṣẹ́ ìwòsàn ní Òkè-Òòyè ní Iléṣà, iná náà sì ràn dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹ̀fọ̀n di ìlú pàtàkì fún ìjọ tó di Christ Apostolic Church. Nígbà tí Babalọlá kú ní Ẹdẹ ní oṣù Keje ọdún 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí. Irú ìsọjí bẹ́ẹ̀ kò mọ sórí ère àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí àwọn ènìyàn kó jù sílẹ̀, ó kan orúkọ. Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, Fábùnmi di Olúbùnmi, Fáyẹmí di Olúyẹmí, Jésù náà wọ inú orúkọ, bíi Jésùtófúnmi. Gbogbo Olú kọ́ ló jẹ́ Fá tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ pé ẹ̀ka kan nínú ẹbí ń jẹ́ Olú, tí ẹ̀ka kejì ń jẹ́ Fá, tí ìyókù orúkọ sì bára mu, ẹ béèrè ọdún tí baba wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹlòmíràn yí ìdajì, ó fi ìdajì sílẹ̀. D. O. Fágúnwà ti Òkè-Igbó, tó kọ Ògbójú Ọdẹ, Oròwọlé ni wọ́n sọ ọ́, ó yí i padà sí Ọlọ́runfẹ́mi. Orúkọ Orò lọ, ṣùgbọ́n Ifá tó wà nínú orúkọ baba rẹ̀ kò kúrò. Mi ò rí i bí àìdúróṣinṣin. Orúkọ tirẹ̀ ni ó ní àṣẹ lé lórí, ti baba rẹ̀, baba ló ni ín.

Nítorí gbogbo èyí, ẹ má fi orúkọ ìdílé nìkan wá ẹbí. Fálànà kan ní Ìláwẹ̀ àti Fálànà kan ní Ìjẹ̀ṣà lè máà tan rárá, àwọn méjì tí orúkọ wọn jìnnà síra lè jẹ́ ọmọ agboolé kan. Tí ọmọ yín bá mú àfẹ́sọ́nà wálé láti Manchester, agboolé, oríkì orílẹ̀ àti èèwọ̀ ni àwọn àgbà yóò fi mọ̀ bóyá wọ́n tan. Ẹ béèrè ìwọ̀nyí lọ́wọ́ wọn nísinsìnyí tí wọ́n wà.

Kí ẹ sì béèrè ti ìyá. Ní àtijọ́, ìyàwó kì í fi orúkọ ọkọ rọ́pò ti baba rẹ̀. Ìyàwó ilé ni wọ́n ń pè é, ó di ìyá lágbájá bó bá bímọ, wọ́n sì mọ ilé tó ti wá. Ìwé ìjọba ló kọ orúkọ baba ọkọ lé e lórí, tí orúkọ baba tirẹ̀ fi pòórá lẹ́yìn ìran kan. Tí ìyá àgbà bá ń dárúkọ àwọn ẹbí rẹ̀, ẹ gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù, torí pásípọ́ọ̀tù kò ní àmì ohùn. Opeyemi tí ẹ rí nínú ìwé lè jẹ́ Ọpẹ́yẹmí, ó sì lè jẹ́ Ọ̀pẹ́yẹmí, ti ọ̀pẹ tí a fi ń pe Ifá. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́.